Àsìkò Oúnjẹ, Àsìkò Òkè: Ìkìlọ̀ fún Àlejò Tó Ń Bọ̀ n'Ìbàdàn

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, àbúrò ìyàwó mi pè mí láti Ìwó Road. Ó ní òun àti ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì Èkó, ebi sì ń pa àwọn. "Ẹ̀gbọ́n, àmàlà Ìbàdàn la bá wá o." Mo ní kí wọ́n dúró dè mí, àmọ́ ebi kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti rí bùkà kan lẹ́bàá títì, wọ́n ti jókòó, wọ́n ti jẹun tán. Mo wo ìyókù gbẹ̀gìrì nínú abọ́ wọn: omi ti dá dúró lókè, ẹ̀wà ti rọ̀ sísàlẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti ń kan díẹ̀díẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́, torí ohun tó wọnú ti wọnú. Nígbà tó fi máa di aago méjì òru, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin ló ń du ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nílé mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti gbé ọ̀kan nínú wọn dé ọsibítù. Òkè Ààrẹ tí wọ́n tún fẹ́ gùn, wọn ò fojú kàn án.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní, òun ló jẹ́ kí n kọ èyí sí ẹ̀yin tó ń múra àtiwá gbádùn ìlú wa lópin ọ̀sẹ̀ tàbí nígbà ọdún. Ìkìlọ̀ tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó bá ń bọ̀ n'Ìbàdàn ni pé kó ṣọ́ àpò rẹ̀, kó di fóònù rẹ̀ mú, kó má bá ọmọ ìta ja. Ìkìlọ̀ gidi ni, ẹ má dà á nù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àlejò tí mo ti gbà nílé, àwọn tí ìrìn àjò wọn bà jẹ́, àsìkò ló bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n jẹ oúnjẹ rere nígbà tí rere rẹ̀ ti kọjá, wọ́n gun òkè nígbà tí oòrùn ti mú, wọ́n jókòó sétí odò nígbà tí òjò ti ṣú, wọ́n sì dá ọkọ̀ dúró lójú pópó nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Àmàlà ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ yín ń bá bọ̀. Àbùlà là ń wí, ìyẹn àmàlà èlùbọ́ iṣu, gbẹ̀gìrì àti ewédú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti ẹran lórí rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, gbẹ̀gìrì ni kí ẹ fojú sí jù. Ẹ̀wà ni. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀ pátápátá, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, kó tó kan epo àti ata. Ọbẹ̀ tó bá sì ti ara ẹ̀wà jáde kì í pẹ́ kan nínú ooru. Èyí tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí wọn kò gbé padà síná, ti ń yí padà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí i tó ń hó ṣùkùṣùkù láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, tí omi rẹ̀ ti ya sọ́tọ̀, tàbí tí kíkan rẹ̀ ta yín nímú, ẹ dìde. Ẹ má tijú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí gbẹ̀gìrì Ìbàdàn ṣe ń rí nìyẹn. Irọ́ ni.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé, bí mo bá ráyè, mo máa ń dúró sẹ́yìn bùkà rẹ̀ wò ó bó ṣe ń rokà. Á fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò irin ńlá náà mọ́lẹ̀. Orógùn rẹ̀ gùn ju apá mi lọ. Á da èlùbọ́ sórí omi tó ń hó yaya, á gún un, á yí i, á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò kí kókó inú rẹ̀ lè fọ́, á wọ́n omi gbígbóná sí i, á wá dé e kí ooru tún lè wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó bá ṣí i, èéfín á bo ojú rẹ̀, kò ní padà sẹ́yìn. Bí ìkòkò kan bá ti fẹ́ gbẹ, òmíràn ti wà lórí iná. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá, ibi tí orógùn kì í ti í sinmi. Láti aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni àsìkò rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ bi wọ́n bóyá tuntun ni wọ́n ń rò tàbí wọ́n kàn ń ta èyí tó ṣẹ́ kù.

Ní Bódìjà, ibi tí wọ́n ń pè ní Amala Skye gbajúmọ̀ débi pé kò sí awakọ̀ mícrà tí ẹ máa dárúkọ rẹ̀ fún tó máa béèrè pé níbo nìyẹn. Ara báńkì Skye tó wà nítòsí ló ti gba orúkọ. Báńkì náà ti di Polaris láti ọdún 2018, àmọ́ orúkọ àmàlà kò yí padà. Èrò tó máa ń pé síbẹ̀ lọ́sàn-án máa ń lé àlejò sá, wọ́n á sì yà sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Àṣìṣe ńlá ni. Ibi tí èrò ti ń tò, ọbẹ̀ kì í jókòó pẹ́ níbẹ̀. Bùkà tó dá páropáro ní aago kan ọ̀sán n'Ìbàdàn, ará àdúgbò ló mọ ìdí tí wọn ò fi wọbẹ̀. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ níbikíbi tí èrò bá wà ni ẹran. Kí wọ́n tó fi ṣíbí kan ṣàkì, ẹ̀dọ̀, ògúnfe tàbí bọ̀kọ́tọ̀, ẹ béèrè iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Owó àmàlà kì í pa àlejò lára, owó ẹran tí kò béèrè ni. Mo ti rí ẹni tó tìtorí bẹ́ẹ̀ bá ìyá olóúnjẹ fa ọ̀rọ̀ lójú gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ ìyá náà kò rẹ́ ẹ jẹ.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó gé e jẹ. Àwọn kan ń fi táyà sun awọ, èéfín rẹ̀ kì í sì í kúrò lára rẹ̀ bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Bí òórùn rọ́bà tàbí kẹrosíìnì bá ń jáde lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà kí wọ́n da àmàlà gbígbóná sínú ọ̀rá. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri nìyẹn, wọ́n á pọ́n ọn roboto, wọ́n á so ó. Ṣùgbọ́n ooru máa ń jẹ́ kí nǹkan ara ọ̀rá yọ́ wọnú oúnjẹ, pàápàá ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ gbé kúlà tàbí abọ́ onídèérí yín dání. Ìyá olóúnjẹ kankan kò ní kọ̀ ọ́, inú àwọn mìíràn á tiẹ̀ dùn pé ọ̀rá kan ò lọ. Kí ẹ sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbẹ̀gìrì tó ti Ìbàdàn wọ Èkó nínú gosíló, tó wá sùn mọ́jú nínú fìríìjì tí kò níná, kì í ṣe ohun jíjẹ mọ́.

Àwọn tó bá fẹ́ ra èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gbé e símú. Òórùn iṣu gbígbẹ ni kó máa run. Bí ó bá ń run bí oògùn kòkòrò, ẹ dá a padà sínú àpò rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan máa ń fi oògùn apakòkòrò pa kòkòrò inú ẹ̀wà àti oúnjẹ gbígbẹ. Irú àṣìlò bẹ́ẹ̀ wà lára ìdí tí NAFDAC fi fòfin de títa ìgò kékeré Sniper lọ́jà lọ́dún 2019. Èlùbọ́ tó bá ti bu náà, ẹ fi sílẹ̀, torí májèlé tí ohun tó bu máa ń ní, iná kì í pa á. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri dára, àmọ́ ẹ dín in kí ẹ tó jẹ ẹ́. Omi inú ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kí ẹ sì nu ẹnu ọ̀rá náà kí ẹ tó fi eyín ya á.

Bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má dúró wò ó di ọjọ́ kejì. Omi ara tó ń lọ ló ń pa èèyàn, òun ni kí ẹ tètè dá padà. Ẹ wọn líítà omi mímọ́ kan, ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó dọ́gba sínú rẹ̀, ẹ bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá dà bí omi ìṣanrẹsì, bí ojú bá jìn wọnú, tàbí bí ọmọdé kò bá tọ̀ mọ́, ọsibítù ló kàn. Ẹ̀rù onígbáméjì ń bà mí ju ti ọmọ ìta lọ. UCH tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957 kò jìnnà sí Mọ́kọ́lá, Adéọ̀yọ́ sì wà ní Yemẹtù. Ẹ mọ ọ̀nà méjèèjì kí ẹ tó sùn lálẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká gòkè wàyí. Lórí Òkè Ààrẹ ni ilé ìṣọ́ Bower wà, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Láyípo. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tó jókòó n'Ìbàdàn. Ó ga tó 60 ẹsẹ̀ bàtà, àtẹ̀gùn 47 ló sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ti sọ ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀. Yíyí po ni àtẹ̀gùn náà ń yí po nínú òkùnkùn díẹ̀, ó há, ẹni tó ń gòkè àti ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ kò lè kọjá láìfi ara gbún ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ pariwo láti ìsàlẹ̀ pé "Mò ń bọ̀ o!" kí ẹ gbọ́ bóyá ẹnì kan á dáhùn. Ẹ má pọn ọmọ gùn ún. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tí òòyì máa ń kọ́, kó dúró nísàlẹ̀. Orí òkè náà gan-an ti tó wòran. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀. Mo ti rí arábìnrin kan tó wọ bàtà gogoro débẹ̀ tìtorí fọ́tò. Ìdí ló fi jókòó sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, tó ń sunkún.

Láàárọ̀ ni kí ẹ lọ, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Nígbà yẹn ojú ọ̀run mọ́, ẹ ó rí òrùlé páànù tó ti dógùn-ún lọ rẹrẹ, ẹ ó rí Gbọ̀ngàn Màpó lórí òkè tirẹ̀, ẹ ó sì rí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, alájà 26 tí wọ́n parí lọ́dún 1965. Bó bá ti di ọ̀sán, ooru inú Láyípo kò ṣeé fara dà. Bí òjò bá ṣú, tí àrá bá ti ń kù, ẹ má dúró sórí rẹ̀ rárá, torí kò sí ohun tó ga tó o láyìíká. Bí àwọn ọmọkùnrin kan bá sì wá gba owó ìwọlé lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè rìsíìtì pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ á fún yín.

Gbọ̀ngàn Màpó tí mo dárúkọ, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ẹ lè lọ fojú kan òpó rẹ̀ ńláńlá. Ẹ ṣáà yẹra fún ọjọ́ Sátidé bí ìnáwó bá wà níbẹ̀, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba á jẹ gbogbo ọjọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Ọgbà Agodi dára. Igi rẹ̀ tutù, ọmọdé lè sáré níbẹ̀, ìdílé lè tẹ́ ẹní jókòó. Ṣùgbọ́n odò Ògùnpa ló ń gba ibẹ̀ kọjá, odò náà sì ní ìtàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó kún bo ìlú, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé èèyàn, ó sì ba ọgbà Agodi ìgbà náà jẹ́. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omiyalé tún ṣọṣẹ́, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ, ọ̀pọ̀ afárá ló sì wó, tó fi mọ́ ti Apẹ̀tẹ̀. Oṣù kẹjọ ni méjèèjì. Àwọn àlejò sì máa ń rò pé oṣù kẹjọ kò lójò, torí wọ́n gbọ́ pé òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà. Ẹ má gbára lé e.

Nígbà òjò, ìyẹn láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, àárọ̀ ni kí ẹ lọ sí Agodi tàbí létí adágún Ẹlẹ́yẹlé. Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni òjò wa sábà máa ń dé. Bí ìkúukùu bá ti dúdú ní apá kan ìlú, ẹ ká ẹní yín, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lórí yín. Òjò tó ń rọ̀ níbòmíràn lè jẹ́ kí odò tó wà níwájú yín kún kí ẹ̀kán òjò kan tó kàn yín. Omi tó bá ń ṣàn gba ojú títì kọjá, ẹ má wakọ̀ wọ̀ ọ́, bó ti wù kí ẹni tó wà níwájú yín wọ̀ ọ́ kó là á kọjá. Ní Ẹlẹ́yẹlé, ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Lórí ọ̀rọ̀ odò ìwẹ̀ Agodi, ìyá tàbí bàbá ni kó máa ṣọ́ ọmọ tirẹ̀. Ojú ẹgbẹ̀rún tó wà níbẹ̀ kò ṣọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Àsìkò ọdún ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹta, àṣà ni pé iná kì í jó nídìí ààrò, ọjà kì í ná, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa kọ orin tí ẹ kò ní fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́. Bí ẹ bá dé lọ́jọ́ yẹn láìbéèrè, ebi lè pa yín láàárín ìlú. Nígbà ọdún eégún, ẹ̀yin obìnrin, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ béèrè ọjọ́ tí Olóòlù máa jáde àti ọ̀nà tó máa gbà. Eégún tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí ni. Ẹ lè ní kò kàn yín, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀ lé e kò mọ̀ yín, wọn kò sì ní dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ náà, tàbí kí ẹ lọ wo ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tó jìnnà sí ìgboro.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ ti kúrò, bí ẹ kò bá fẹ́ sùn. Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọkọ̀. Ẹ má dá ọkọ̀ aládàáni tó ní èrò méjì mẹ́ta nínú dúró ní Ìwó Road tàbí Ọ̀jọ́ọ̀, wọ́n lè jẹ́ wáńṣáànsì, ìyẹn àwọn olè tó ń díbọ́n bí ọkọ̀ èrò. Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin padà sí Èkó, kó rántí pé Mọ́níyà ni ibùdó rẹ̀ wà, ó sì kọjá Ọ̀jọ́ọ̀. Láti Màpó, ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ fún un, torí ọkọ̀ ojú irin kò ní dúró dè yín bíi dánfó.

Àbúrò ìyàwó mi padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ẹnì kẹta ní òun kò tún wá mọ́. Wọ́n sùn sílé wa. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ a ti wà lórí Òkè Ààrẹ, ó pariwo "Mò ń bọ̀ o!" kò sẹ́ni tó dáhùn, ó gòkè. Ní aago méjìlá kọjá díẹ̀, a jókòó sí bùkà obìnrin àdúgbò wa. Àmàlà náà gbóná débi pé ńṣe ló ń fẹ́ ìka rẹ̀ kó tó ki òkèlè bọ gbẹ̀gìrì. A ti jẹun tán, a ṣì jókòó tá à ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níwájú bùkà, àwọn ọ̀dọ́ bíi márùn-ún bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn. Aago mẹ́ta ku díẹ̀ ni. Ìyá olóúnjẹ wo ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀, ó wo ojú wọn, ó ní:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti tán. Ẹ tètè dé lọ́la."